Ọjọ́ Ìdánwò Ẹsẹ̀ Lásán

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìgbódìgò wọ Òkìtìpupa ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ sì ti ń gbẹ ètè ọmọdé, yóò rí ọkùnrin gíga kan tí ó dá dúró ní igun pápá ìṣeré. Yóò ti di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Yóò ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà apá rẹ̀ yóò fi mú bí abẹ. Ọ̀gbẹ́ni Joel Oyèkànmí nìyẹn. Kò ní ọmọ kankan nínú àwọn tí ń sáré kiri níbẹ̀. Kì í ṣe rẹfirí, kì í sì í ṣe kóòṣì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń kojú ara wọn tó ara wọn, kí ó má baà di pé àwọn ọmọ kan yóò máa borí ní gbogbo ìgbà, kí àwọn mìíràn sì máa sunkún lọ sílé.

Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá ni à ń sọ. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, láti Òkìtìpupa, Ìgbódìgò, Àjàgbà, Òde-Ìrèlè àti àwọn ìlú tí ó sún mọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí a máa pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù dunjú ní apá kan, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní apá kejì. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ pe ìpín méjèèjì ní Òkè àti Ìsàlẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a bá sọ fún pé ìsàlẹ̀ ni ó wà kì í pẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ìpín Ọ̀pẹ àti Ìpín Rọ́bà ni ó sọ wọ́n, torí pé igi méjèèjì ni ó ń bọ́ ilé púpọ̀ ní agbègbè wa. Síbẹ̀ náà, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé Ọ̀pẹ ni ti àwọn alágbára.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni ó jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìntì. Ẹni tí ó bá dàgbà tó yóò rántí bí nǹkan wọ̀nyí ti rí ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Eérú ni a fi ń fa ìlà pápá, ìlà náà kì í sì í wọ́. Ọmọ tí ó bá gbá ẹlòmíràn ṣubú yóò ti fà á dìde kí rẹfirí tó fọn fèrè. Bí eré bá parí, àwọn tí ó borí ni yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí ó pàdánù, kò sì sí ẹni tí ó ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lóde òní, ọmọ yóò gbá góòlù wọlé tán, yóò sáré lọ síwájú àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì, yóò fi ìka di etí, yóò ní òun kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí gbà pé ibi tí a kò bá ti pín àwọn ọmọ dáadáa ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń borí láìlàágùn yóò gbéraga. Ẹni tí a ń nà láìdáwọ́ dúró yóò pa eré tì.

Ìyàwó rẹ̀, Janet, ti di olóògbé. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Vivian, wà ní Kàlàbá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni ó máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í gùn. Àwọn ọjọ́ tí ó kù nínú ọ̀sẹ̀ a dákẹ́. Ọkùnrin náà a máa gbá àgbàlá tí kò sí ewé nínú rẹ̀. A máa ro púpurú fún ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa ṣèèṣì bu èyí tí ó tó ẹni méjì. Sátidé nìkan ni ọjọ́ tí ó ní ohùn.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Sátidé yìí kan náà ni ó mú kí ó túbọ̀ dá wà. Láti ìgbà tí ó ti gbà á, kò jẹun mọ́ nílé òbí ọmọ kankan tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá pè é sí ìsọmọlórúkọ, yóò fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kò ní í lọ. Ó ti máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rí. Ó kúrò níbẹ̀, nítorí pé àwọn akọrin kan ní ọmọ nínú ẹgbẹ́ Òkìtìpupa. Kódà lórí pápá, bí Charity tí ń ta ohun mímu tútù bá na omi inú ọ̀rá sí i, yóò dúpẹ́, yóò sì fi ọwọ́ kọ̀ ọ́.

“Tíṣà, omi lásán ni o! Kì í ṣe rìbá.”

“Mo mọ̀, Charity. O ṣeun.”

“Ọjọ́ tí òùngbẹ bá gbé yín ṣubú níbẹ̀ yẹn, èmi kọ́ ni màá gbé yín o.”

Àwọn tí ó wà nítòsí yóò rẹ́rìn-ín. Òun náà yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò sì tún sún kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e kalẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ yóò kó àwọn ọmọ wọn wá sí pápá ní ọjọ́ kan náà, èyí tí a ń pè ní Ọjọ́ Ìdánwò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì bọ́ bàtà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí yóò da gbogbo wọn pọ̀, ọmọ Ìrèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Àjàgbà, yóò ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀wọ́ kéékèèké, yóò sì máa wò wọ́n láìbéèrè orúkọ. Ìgbà tí ó bá ti díwọ̀n gbogbo wọn tán ni yóò tó jẹ́ kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá. Nínú gbogbo ètò yìí, ẹsẹ̀ lásán náà ni ó fẹ́ràn jù. Ó ní bàtà máa ń purọ́: ó máa ń mú kí ọmọ olówó dà bí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù, kí ọmọ àgbẹ̀ sì dà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo wọn bá bọ́ bàtà, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀.

Fún ọdún púpọ̀, òótọ́ ni, torí pé ẹsẹ̀ lásán náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbá ìdíje. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ìgò gé ọmọ kan lẹ́sẹ̀ láàárín eré, ìgbìmọ̀ ìdíje sì ṣòfin pé ọmọ tí kò bá wọ bàtà bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ pápá mọ́. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun kó bàtà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní. Òfin ìdíje yí padà. Ọjọ́ Ìdánwò kò yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí kò rò ó sí nǹkan kan.

Ìyáàfin Mobọ́lá Aníwúrà ni alága ìgbìmọ̀ náà, obìnrin tí ó ní ilé ìtajà oògùn ní Òkìtìpupa. Ó ti pe ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìdíje ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.

“Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní yunifásítì tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ yìí. Ó ní fóònù lòun yóò fi máa ya fídíò àwọn ọmọ, fóònù náà yóò sì sọ bí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù tó. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, Alága.”

“Ṣùgbọ́n bí ìpín ti ọdún yìí bá wọ́, n kò ní lè gbèjà yín mọ́ o.”

“Kò ní í wọ́.”

Ó rìn lọ sílé láìdúró kí ẹnikẹ́ni. Ó mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan, torí pé kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìdánwò pé, àwọn ọmọ Ìgbódìgò dán bí ẹja nínú omi. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ yangí láti kékeré. Bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn ọmọ Kọ́tàsì ni kò rí ẹsẹ̀ gbé, ìyẹn àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ yunifásítì, tí àwọn òbí wọn ti Ìbàdàn, Òṣogbo àti ibòmíràn wá. Òkúta wẹ́wẹ́ ń gún wọn, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tí ó ń tẹ ẹyin iná. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí fi Ìgbódìgò sí Ìpín Ọ̀pẹ. Ó fi Kọ́tàsì sí Ìpín Rọ́bà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, Òde-Ìrèlè na Ìgbódìgò ní mẹ́jọ sí òdo.

Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ kò ní í gbàgbé. Àwọn ọmọ tí ó ti ń fò bí ológìnní ní Ọjọ́ Ìdánwò ń yọ̀ ṣubú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàtà tí wọ́n wọ̀ tóbi, ó sì wúwo. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yí padà, bàtà yóò ti lọ síwájú.

“Ẹ gbà mí o!” ni ọkùnrin ọlọ́kadà kan ń ké. “Ṣé ọmọ yẹn ló wọ bàtà ni, àbí bàtà ló wọ̀ ọ́?”

“Golí! Ṣé agbọ̀n lo fi ń mú bọ́ọ̀lù ni? Gbogbo ẹ̀ ń jò!”

Jésùtómi ni orúkọ ọmọ tí ó ń ṣọ́ ojú ilé náà. Ó dúró títí eré fi parí, lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ bo ojú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, Kọ́tàsì na Àjàgbà ní mẹ́sàn-án sí òdo. Ọmọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Dáraolúwa ni ó gbá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wọlé. Nígbà tí ó fi máa gbá èyí tí ó kẹ́yìn, kò tilẹ̀ yọ̀ mọ́, ó kàn yíjú padà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn ọmọ Àjàgbà ti jókòó sí àárín pápá kí fèrè tó dún.

Bákan náà ni Sátidé kejì àti ìkẹta rí. Lẹ́yìn ìkẹta, Lérè, kóòṣì Ìgbódìgò, wá bá Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí ní igun rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fún epo ni Lérè ti ń ṣiṣẹ́. Epo ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ yín ń hàn lára àwọn ọmọ mi.”

“Lérè, àwọn ọmọ rẹ mọ bọ́ọ̀lù. Ojú mi ni mo fi rí wọn.”

“Ẹ rí wọn? Níbo? Àwọn tí wọ́n ń nà bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ yìí náà?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n ti ń sọ ọ́ nílùú pé Kọ́tàsì fẹ́ gba ife lọ́dún yìí, pé ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹní fún wọn.”

“Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ta ni kò sọ ọ́? Ẹ kì í bá wa jẹ, ẹ kì í bá wa mu. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ẹ ń bá jẹ?”

Gbogbo ọdún tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ìdí tí ó fi ṣe é ni pé kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo àyíká pápá. Kò rí ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n dé ibi tí yóò fi lè sọ pé, “Rárá o, ọkùnrin yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ìpàdé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀,” ni Lérè wí. “Bí nǹkan kò bá yí padà, a ò ní í wá sí pápá yìí mọ́. Àwọn ọmọ ti ń sọ pé àwọn á kúkú máa bá bàbá àwọn lọ sóko.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọkùnrin náà gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbódìgò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó dúró sí abẹ́ igi àgbọn kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ náà ti ń ṣe ìgbáradì. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù ń lọ láti ẹsẹ̀ ọ̀kan dé ẹsẹ̀ èkejì, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì rí gbogbo ohun tí ó ti rí ní Ọjọ́ Ìdánwò. Inú rẹ̀ dùn. Òun kò ṣì í, ni ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ojú òun ṣì ń ríran.

Lérè pàtẹ́wọ́. “Ó tó! Ẹ lọ wọ bàtà. A fẹ́ gbá a bíi ti Sátidé.”

Àwọn ọmọ náà kùn. Wọ́n lọ wọ bàtà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n padà dé tí bọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí jáde kúrò lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ dúró. Ó pe Jésùtómi, ó ní kí ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan fún òun. Àkísà kún inú bàtà náà dé ìdajì.

“Báwo ni ó ti ń rí lẹ́sẹ̀ rẹ?”

Ọmọ náà wo kóòṣì rẹ̀ kí ó tó fèsì. “Sà, tí mo bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ ilẹ̀ mọ́.”

Ọkùnrin náà di bàtà náà mú fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yé e, gbogbo rẹ̀ pátá. Kì í ṣe bàtà ni ó purọ́ fún un lọ́dún yìí. Ẹsẹ̀ lásán tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni. Eré tí ó fi díwọ̀n àwọn ọmọ kọ́ ni eré tí ó ní kí wọ́n lọ gbá. Ó ti gbé àwọn tí kò tíì mọ bàtà wọ̀ síwájú àwọn tí bàtà ti mọ́ lára, ó sì ti fi àwọn ọmọ Kọ́tàsì, tí bàtà ni wọ́n fi kọ́ bọ́ọ̀lù, sáàárín àwọn tí kò lè dí wọn lọ́wọ́.

“Lérè, èmi ni mo ṣe é,” ni ó wí. “Èmi ni mo ṣàṣìṣe.”

Lérè kò retí èyí. Ó họ orí. “Tíṣà, ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé ọ̀la o. Mo gbọ́ ohun tí Alága sọ nípa yín. Ẹ kàn ní bàtà tí wọ́n kó ránṣẹ́ ló tóbi, kí wọ́n sọ wá sí Rọ́bà jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní nǹkan kan.”

“Àwọn ọmọ Àjàgbà ńkọ́? Ṣé bàtà wọn náà ló tóbi?”

Lérè yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó sí yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn Ìyáàfin Aníwúrà. Dókítà Ọdúnlámì, tí ó ń ṣojú Kọ́tàsì, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ni, ó sì fẹ́ràn kí ohun gbogbo yára.

“Ìpín dára ní tèmi. Tíṣà ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́. Kóòṣì tí kò bá lè kọ́ ọmọ, kí ó lọ máa fún epo rẹ̀.”

“Dókítà,” ni Lérè dá a lóhùn, “epo tí mò ń fún yìí náà lẹ fi ń jẹ iṣu ní Kọ́tàsì o. Ẹ má bú u.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Aníwúrà kan tábìlì. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rí i báyìí: bàtà ló fa gbogbo rẹ̀. A ó wá bàtà mìíràn fún Ìgbódìgò, kálukú yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Tíṣà, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ó ń wò ó bí ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ènìyàn tí ó sì ń dúró kí ó gba ibẹ̀ jáde. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ lọ sílé. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí dìde dúró, nítorí pé ẹni tí a tọ́ ní ìgbà tirẹ̀ kì í jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Alága, ìpín náà wọ́. Èmi ni mo pín in.” Ó ṣàlàyé Ọjọ́ Ìdánwò fún wọn, ó ṣàlàyé òfin bàtà, ó sì sọ bí òun ti kùnà láti fi ọ̀kan wo èkejì. “Bàtà tuntun kò lè tún un ṣe. Kí Ìgbódìgò lọ sí Rọ́bà, kí Kọ́tàsì lọ sí Ọ̀pẹ. Kí a fagi lé gbogbo eré tí wọ́n ti gbá, kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láti ọdún tó ń bọ̀, bàtà ni kí wọ́n fi ṣe ìdánwò.”

“Ẹ dúró ná!” ni Dókítà Ọdúnlámì wí. “Àwọn ọmọ wa ń borí! Kí ni a fẹ́ sọ fún wọn?”

“Ẹ bi Dáraolúwa bóyá ó ń gbádùn rẹ̀, sà.”

Bàbá Dáraolúwa ni Dókítà náà fúnra rẹ̀, ó sì jọ pé ọmọ náà ti sọ nǹkan nílé. Wọ́n dìbò. Àbá náà wọlé.

Ìyáàfin Aníwúrà yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí. “Tíṣà, ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín.”

“Mo rántí, Alága.”

“Mo ṣílẹ̀kùn fún yín.”

“Mo rí i. Ẹ ṣeun.”

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọ̀dọ́kùnrin yunifásítì náà. Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí bọ́ síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, pàtẹ́wọ́ náà sì tọ́ sí i. Lérè ni ó pẹ́ jù nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kálukú wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù tàbí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí Sátidé dé, Ìgbódìgò àti Àjàgbà ni ó kọ́kọ́ wọ pápá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí lọ sí igun tí ó ti máa ń dúró. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti gbé fóònù kan lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà, ẹ ń dí ojú fóònù.”

Ó tọrọ àforíjì, ó sì lọ dúró láàárín àwọn òǹwòran, níbi tí kò dúró sí rí. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Eré náà gbóná. Ìgbódìgò ń ṣubú, Àjàgbà náà ń ṣubú. Bí apá kan bá gbá ọ̀kan wọlé, apá kejì yóò dá a padà. Jésùtómi fò, ó fi ìka ti bọ́ọ̀lù kan jáde, gbogbo pápá sì pariwo. Kò sí ẹnì kan tí ó lè sọ ẹni tí yóò borí. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí ti ń wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn. Ó fẹ́ pariwo pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó ti pẹ́ jù tí ó ti ń kó o níjàánu lórí pápá náà.

Obìnrin kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí i. Juliet ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é; kò tíì pẹ́ tí ó kó dé Àjàgbà, kò sì mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

“Bàbá, ẹ wò ó, ọmọ mi lẹni tó ń sáré bọ̀ yẹn! Èwo ni tiyín nínú wọn?”

Ó wo pápá, láti ìlà dé ìlà, bí ẹni tí ó ń wá a.

“Kò sí.”

“Ẹ kàn wá wòran ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn wá wòran ni.”

“Ẹ kú ìfẹ́ bọ́ọ̀lù o!” ni obìnrin náà wí, ó sì tún yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Ọ̀mì ni eré náà parí sí. Àwọn ọmọ apá méjèèjì ń jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó borí, wọ́n ń jiyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì ń fa ara wọn lẹ́wù. Ìyá pe ọmọ, bàbá pe ọmọ. Àwọn ọlọ́kadà kó wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, eruku pupa sì dìde lẹ́yìn wọn lójú ọ̀nà Àjàgbà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí dúró títí ariwo fi jìnnà. Kò sí ẹni tí ó ń dúró dè, kò sì sí ẹni tí ó ń dúró dè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé.